Òfin Tí Ilẹ̀ Bí: Ọ̀rọ̀ Lórí Òfin Abẹ́lé Pápá Gọ́ọ̀fù

 

Àwọn àgbà ní bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Eré gọ́ọ̀fù ni mo fẹ́ fi òwe yìí sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa wí lọ́kàn ara wọn pé eré àwọn olówó ni gọ́ọ̀fù, kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá púpọ̀. Ìlú Ada ní Ọ̀ṣun kò jìnnà sí àwa ará Ìbà, Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Ẹni tó bá ti Ìbà dé Ìkìrun, tó wá gba ọ̀nà Ada, kò ní í pẹ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà pápá gọ́ọ̀fù olíhò 18. Ọmọ bíbí ìlú náà, Ọmọọba Tunde Ponnle, tó dá iléeṣẹ́ wáyà MicCom sílẹ̀, ló kọ́ ilé ìtura àti pápá náà síbẹ̀.  Pápá tí àwọn ará Èkó àti Àbújá ń wakọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ nìyẹn, àwa tí a sì wà nítòsí rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa lè rí iṣẹ́ ṣe lórí irú pápá bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn lè di òṣèré. Ṣùgbọ́n òfin ni ẹnu ọ̀nà eré náà, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn ọgbà ni yóò ti máa wòran.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà ní ṣókí fún ẹni tí kò rí i rí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀lù kékeré kan àti ọ̀pá oríṣiríṣi, kò sì gbọdọ̀ kó ju ọ̀pá 14 lọ dání. Yóò gbá bọ́ọ̀lù náà láti ojú ìbẹ̀rẹ̀ títí yóò fi wọ ihò kan tí wọ́n ri àsìá sí. Bí ihò kan bá parí, wọ́n á bọ́ sí èkejì, títí dé ìkejìdínlógún. Ẹni tí iye gbígbá rẹ̀ bá kéré jù ló borí.

Ohun tó ya gọ́ọ̀fù sọ́tọ̀ kúrò lára bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ilẹ̀ tí a ti ń gbá a. Pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, ó tẹ́jú, ìlà funfun sì yí i ká. Bí o bá ti gbá a ní Òṣogbo, o lè gbá a ní Kánò. Pápá gọ́ọ̀fù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òkè bá wà níbẹ̀, wọ́n á gbá a gba orí òkè. Bí odò bá là á kọjá, odò náà di apá kan eré. Igi, àpáta, yanrìn, ọ̀nà ọkọ̀, ọgbà ẹlòmíràn tó bá pápá pààlà, gbogbo rẹ̀ ló lè gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ènìyàn. Kò sí ìwé òfin kan láyé yìí tó lè mọ gbogbo ohun tí ilẹ̀ Ada ní, tí ilẹ̀ Ìbàdàn ní, tí etí òkun Scotland náà ní. Ìdí nìyí tí òfin gọ́ọ̀fù fi pín sí méjì. Òfin àpapọ̀ wà tó de gbogbo ayé, òfin abẹ́lé sì wà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe nítorí bí ilẹ̀ tirẹ̀ ti rí.

Àwọn tó ń ṣe òfin àpapọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ méjì: R&A, tó fi ìlú St Andrews ní Scotland ṣe ibùjókòó, àti USGA ti Amẹ́ríkà. Láti 1952 ni wọ́n ti jọ ń gbé òfin kan náà jáde. Ní 2019 wọ́n tún ìwé náà ṣe látòkèdélẹ̀, òfin tó jẹ́ 34 di 24, wọ́n sì sọ èdè rẹ̀ di ohun tí kò le púpọ̀ mọ́.

Òfin abẹ́lé kì í ṣe ohun tuntun rárá. Òfin gọ́ọ̀fù àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé wọ́n kọ sílẹ̀ ni ti 1744, ní Leith, lẹ́bàá Edinburgh. Òfin 13 péré ni. Òfin kẹtàlá yẹn ló wù mí jù. Ó ń sọ nípa kòtò àti iyàrà tí wọ́n gbẹ́ láti fi dáàbò bo pápá, àti nípa ihò tí àwọn ọmọ iléèwé gbẹ́ síbẹ̀, àti ibi tí àwọn ọmọ ogun ti fi ilẹ̀ ṣe tiwọn. Ó ní bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sírú ibẹ̀, kí ẹni náà yọ ọ́, kí ó gbé e kalẹ̀, kí ó sì fi ọ̀pá onírin gbá a. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àwọn ọmọ iléèwé àti ọmọ ogun wo ni ó ń sọ? Ti Leith nìkan ni.  Ìyẹn ni pé ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ òfin gọ́ọ̀fù sílẹ̀, òfin abẹ́lé ti wà nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ibi tí nǹkan bá ti dé bá àwọn ènìyàn ni òfin wọn ti ń jáde. Ní 1940, nígbà tí àwọn ará Jámánì ń ju bọ́ǹbù lu ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Richmond, nítòsí London, kọ òfin fún ìgbà ogun. Bí ọ̀tá bá fi bọ́ǹbù ṣí bọ́ọ̀lù nípò, a lè dá a padà. Bí bọ́ǹbù bá bú lákòókò tí ènìyàn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, tí ó sì ba gbígbá náà jẹ́, ó lè gbá òmíràn láti ojú kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n á fi gbígbá kan kún tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí, àwọn pápá kan ti ṣe òfin nítorí erinmi àti ọ̀nì. Bí bọ́ọ̀lù rẹ bá dúró níbi tí ẹranko náà ti lè ṣe ọ́ ní jàǹbá, jù òmíràn sílẹ̀ níbi tí ewu kò sí, láìsí àfikún kankan. Ẹnu lè ya ènìyàn bó bá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tí erinmi wà níwájú rẹ̀ mọ̀ pé òfin tó dára ni.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, koríko ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ìdí ihò, níbi tí wọ́n ti ń rọra ti bọ́ọ̀lù wọlé, ó yẹ kó jẹ́ koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ̀ẹ̀rùn wa kì í jẹ́ kí irú koríko bẹ́ẹ̀ yè bí kò bá rí omi gidi mu lójoojúmọ́. Nítorí náà, lórí ọ̀pọ̀ pápá àtijọ́ ní Nàìjíríà, yanrìn tí wọ́n fi òróró pò ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, àwọn òṣèré sì ń pè é ní búráùn. Ní Fajara ní Gáḿbíà náà, búráùn ni wọ́n mọ̀. Búráùn ní ìwà tirẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn tó ti kọjá máa ń wà lórí rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé orí rẹ̀, wọ́n á sàmì sí ojú ibẹ̀, wọ́n á gbé e, kádì, ẹni tó ń gbé ọ̀pá fún òṣèré, á wá fi igi tàbí àpò wọ́ ojú yanrìn náà láti ibi tí bọ́ọ̀lù wà dé ìdí ihò títí yóò fi dán. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á dá bọ́ọ̀lù padà kí wọ́n tó tì í. Òfin àpapọ̀ kò mọ ìwọ́lẹ̀ yìí, nítorí koríko ló wà lọ́kàn àwọn tó kọ ọ́. Òfin abẹ́lé ló gbà á láyè. Àwọn baba wa tó jẹ́ kádì nígbà ayé òyìnbó mọ iṣẹ́ ìwọ́lẹ̀ yìí ju ẹni tó ni bọ́ọ̀lù lọ.

Ta wá ni ó ní àṣẹ láti ṣe òfin abẹ́lé? Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ni. Kì í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ nìkan, kì í ṣe ẹni tó lówó jù, kì í sì í ṣe àwọn mẹ́rin tó jọ ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Bí àwọn òṣèré bá fohùn ṣọ̀kan láàrin ara wọn pé àwọn kò ní í tẹ̀ lé òfin kan tí wọ́n mọ̀ pé ó wà, wọ́n lè lé gbogbo wọn kúrò nínú ìdíje. Ìgbìmọ̀ náà kò sì lè ṣe bó ṣe wù ú. R&A àti USGA ti kọ àpẹẹrẹ òfin abẹ́lé púpọ̀ sílẹ̀ tí ìgbìmọ̀ lè mú lò. Bí ìṣòro kan bá wà tí kò sí nínú àwọn yẹn, ìgbìmọ̀ lè kọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ohun kan wà lórí ilẹ̀ náà tó fa òfin ọ̀hún. Ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ yí òfin àpapọ̀ padà torí pé òfin náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo fẹ́ kí a di ibí yìí mú ṣinṣin, torí òun ni ọ̀pá ìdiwọ̀n. Bí ẹnì kan bá mú òfin abẹ́lé wá, ẹ bi í pé: kí ló wà lórí ilẹ̀ tó fa èyí? Bí kò bá lè nawọ́ sí i, òfin ojúsàájú ni.

Ó tún gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn káàdì tí wọ́n ń kọ iye gbígbá sí ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ sí, tàbí kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹgbẹ́, tàbí lẹ́bàá ojú ìbẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nígbà tí bọ́ọ̀lù ọ̀gá ti wọ kòtò kì í ṣe òfin.

Ẹ jẹ́ ká wá wo pápá fúnra rẹ̀. Ohun tí ojú àlejò máa kọ́kọ́ rí ni àwọn òpó kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Funfun ni ààlà: bí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá rẹ̀ pátápátá, ó ti jáde. Pupa àti yẹ́lò ń tọ́ka sí odò tàbí ibi eléwu mìíràn, níbi tí ẹni tó fẹ́ yọ bọ́ọ̀lù rẹ̀ yóò ti san gbígbá kan. Pupa rọrùn ju yẹ́lò lọ, torí ó fún ènìyàn láyè láti jù ú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bọ́ọ̀lù ti wọlé, ní ìwọ̀n ọ̀pá méjì, láìsún mọ́ ihò. Lórí ọ̀pọ̀ pápá, búlúù ń tọ́ka sí ilẹ̀ tí wọ́n ń tún ṣe, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìgbìmọ̀ ló ń pinnu ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan yóò dúró.

Ẹ̀yin ọdẹ àti àgbẹ̀ tó ń gbọ́ wa, ẹ̀yin ni èyí tó kàn wà fún. Òkété gbẹ́ ihò sáàárín pápá, bọ́ọ̀lù sì kó sínú rẹ̀ tàbí ó dúró sí ẹnu rẹ̀. Kí ni a ó ṣe? Òfin àpapọ̀ ti dáhùn. Ihò tí ẹranko gbẹ́ kì í ṣe ẹ̀bi òṣèré. Yóò wá ibi tó sún mọ́ ọn jù tí ihò náà kò ti dí i lọ́wọ́ mọ́, yóò wọn ìwọ̀n ọ̀pá kan láti ibẹ̀, kò ní í sún mọ́ ihò àsìá ju bó ti wà lọ, yóò wá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀ láti ìwọ̀n orúnkún. Kò ní í san nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ilé èèrà kò sí lára ihò ẹranko. Èèrà àti ikán jẹ́ kòkòrò, òkìtì tí wọ́n bá mọ wà lára ohun tí a lè fọwọ́ gbá kúrò bí ewé gbígbẹ. Ẹni tó bá mọ òkìtì ikán ilẹ̀ wa mọ̀ pé òmíràn wà tí ọkọ́ pàápàá kò ràn. Nígbà náà ni ìgbìmọ̀ tó lójú inú yóò sàmì sí i pé ilẹ̀ tí à ń tún ṣe ni, kí ọ̀rọ̀ tó di ìjà.

Ejò ńkọ́? Bí bọ́ọ̀lù bá dúró ti ejò, tàbí agbo oyin, tàbí ìjàlọ, òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu. Jù ú síbi tí ewu kò sí, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀: ẹranko ni òfin yìí mọ̀, kò mọ ewéko. Bí bọ́ọ̀lù bá kó sínú ẹ̀gún tàbí wèrèpè, kò sí ọ̀fẹ́ fún ọ. Gbá a, tàbí kí o gbà pé kò ṣeé gbá, kí o sì san gbígbá kan. Bí wèrèpè bá wá bo ibì kan débi pé ènìyàn kò lè kọjá, ìgbìmọ̀ lágbára láti fi òpó yí ibẹ̀ ká.

Màlúù náà ń wọ pápá. Ìgbẹ́ rẹ̀ kò ju ohun tí a ń ṣí kúrò lọ́nà lọ. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilẹ̀ tútù ni ìṣòro, torí ojú ẹsẹ̀ kì í ṣe ihò tí ẹranko gbẹ́. Òfin abẹ́lé lè sọ ọ́ di ilẹ̀ tí à ń tún ṣe. Bí kannakánná bá gbé bọ́ọ̀lù lọ, tó sì dájú pé òun ló gbé e, a ó fi òmíràn sí ojú ibi tó wà.

Ó kan òfin tí mo fẹ́ kí a jókòó tì díẹ̀, torí níbẹ̀ ni ìwà ènìyàn ti ń hàn. Ní àkókò òjò, ẹrẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, koríko á gbẹ, ilẹ̀ á là, bọ́ọ̀lù tí ènìyàn gbá dáadáa á wá dúró lórí òkúta. Òfin àpapọ̀ ní kí o gbá a bí o ṣe bá a. Ìgbìmọ̀ lè fi òfin abẹ́lé gbà pé kí òṣèré gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀, kí ó nù ún, kí ó sì tún un gbé kalẹ̀ sí ibi tó dára. Ojú ọ̀nà tí wọ́n gé koríko rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ni èyí wà fún, kò sí nínú igbó. Ìgbìmọ̀ yóò sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ íńṣì 6, ó lè jẹ́ gígùn káàdì, ó lè jẹ́ ìwọ̀n ọ̀pá kan.

Ẹ fi ojú inú wo ọkùnrin kan tó ń ṣe é bó ṣe tọ́. Ó dé ìdí bọ́ọ̀lù. Ó fi àmì kékeré kan há ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé bọ́ọ̀lù, ó fi tówẹ́ẹ̀lì nù ún. Ó wo ilẹ̀, ó yan ojú kan láàrin íńṣì mẹ́fà tí wọ́n fún un, ibẹ̀ kò sì sún mọ́ àsìá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó gbé e síbẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó ti jọ̀wọ́ rẹ̀ yẹn, ó tán. Kò tún lè fọwọ́ kàn án mọ́ torí pé ó rí ojú kan tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá wo ẹnì kejì. Kò fi àmì kankan sílẹ̀. Ó fi orí ọ̀pá rẹ̀ yí bọ́ọ̀lù, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un yí, íńṣì mẹ́fà ti di ẹsẹ̀ bàtà méjì, bọ́ọ̀lù sì ti fi díẹ̀ sún síwájú. Ní ibi tí kò tọ́ ni ó ti máa gbá a. Gbígbá méjì ni àfikún rẹ̀ nínú ìdíje tí wọ́n ń ka iye gbígbá, bó bá sì jẹ́ ti ẹnì kan sí ẹnì kan, ó ti pàdánù ihò náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú un? Nínú ọ̀pọ̀ eré gọ́ọ̀fù, kò sí rẹfirí tó ń tẹ̀ lé e kiri. Òṣèré fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé mo ṣẹ̀, kọ ọ́ mọ́ mi. Mo bọ̀wọ̀ fún eré yìí nítorí èyí ju nítorí ohunkóhun mìíràn lọ, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ ọ láti kékeré.

Bọ́ọ̀lù tó sọnù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Igbó wa nípọn. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ inú ìtàkùn ní oṣù kẹsàn-án, ó lè má jáde mọ́ títí di ìgbà tí wọ́n bá sun igbó. Ìṣẹ́jú 3 ni òfin fún ènìyàn láti wá a. Ìṣẹ́jú 5 ni tẹ́lẹ̀, 2019 ni wọ́n dín in kù. Bí kò bá rí i, òfin àpapọ̀ ní kí ó padà sí ibi tó ti gbá a, kí ó gbá òmíràn, kí wọ́n sì fi gbígbá kan kún un. Bó bá jẹ́ láti ojú ìbẹ̀rẹ̀ ni, ìkẹta rẹ̀ ló ń gbá yẹn. Ẹ ro ìrìn náà nínú oòrùn ọ̀sán, kí àwọn tó wà lẹ́yìn sì ti tò sílẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe gba ìgbìmọ̀ láyè láti 2019 láti lo òfin abẹ́lé mìíràn. Dípò kí ẹni náà padà, yóò jù bọ́ọ̀lù mìíràn sílẹ̀ ní ìtòsí ibi tí ti àkọ́kọ́ ti sọnù tàbí ibi tó ti kọjá ààlà, ó sì lè bọ́ sí etí ojú ọ̀nà tí wọ́n gé. Gbígbá méjì ni yóò san. Èyí tó bá wá gbá lẹ́yìn náà ni ìkẹrin. Kì í ṣe òfin ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́; eré ọmọ ẹgbẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ní tèmi, ó bá ilẹ̀ wa mu ju ilẹ̀ òyìnbó lọ.

Òmíràn wà tí kò yẹ kí pápá kankan láàrin wa ṣaláì ní, òun ni ti igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Wọ́n á de òpó tàbí aṣọ mọ́ ọn lára. Òfin abẹ́lé lè pa á láṣẹ pé bí igi náà bá dí ènìyàn lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ó di dandan kí ó yọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Òṣèré jàǹfààní, igi náà sì yè.

Ti ààrá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ẹni tó dúró lórí pápá gbalasa pẹ̀lú ọ̀pá irin lọ́wọ́ nínú òjò oṣù kẹrin ń fa ikú lẹ́sẹ̀. Ní 1975, mànàmáná mú Lee Trevino, gbajúmọ̀ òṣèré Amẹ́ríkà, lẹ́nu ìdíje nítòsí Chicago. Kò kú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi tún un ṣe. Òfin àpapọ̀ gbà kí òṣèré dáwọ́ eré dúró fúnra rẹ̀ bó bá rí ewu ààrá. Bí fèrè ìgbìmọ̀ bá sì dún lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, kódà bó bá jẹ́ pé ó kù díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù wọ ihò. Ẹ má ṣe sá sábẹ́ igi o.

Ohun kan tó ń wú mi lórí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òfin abẹ́lé máa ń dàgbà. Títí di 2018, ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá dúró ti òkúta nínú kòtò yanrìn kò lè ṣí òkúta náà kúrò àyàfi bí òfin abẹ́lé bá gbà á láyè. Bákan náà ni bọ́ọ̀lù tó rì sínú ilẹ̀ rírọ̀ níbi tí koríko ti ga, òfin abẹ́lé ló ń gbà á sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí ihò ti jìnnà tó náà, àyè òfin abẹ́lé ni wọ́n fi ń lò ó. Láti 2019, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di òfin àpapọ̀ fún gbogbo ayé. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké rí lórí ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ń kọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, òun ni àwọn àgbààgbà gbà nígbẹ̀yìn. Ìgbìmọ̀ kan ní Ọ̀ṣun níbí náà lè kíyè sí ohun tí àwọn ti Scotland kò rí rí.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ní ilẹ̀ Yorùbá, ní Ada, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Èkó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ òfin abẹ́lé yín ní èdè Yorùbá mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Kádì ni ó kọ́kọ́ ń dé ìdí bọ́ọ̀lù. Òun ni ọ̀gá ń bi pé ṣé ọ̀fẹ́ ni àbí mo máa san. Bí kádì bá lè ka ìwé náà ní èdè tó fi ń ronú, àríyànjiyàn yóò dín kù lórí pápá, ọwọ́ eré yóò sì yá.

Ẹ̀bẹ̀ kejì lọ sọ́dọ̀ ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìbà, Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ gọ́ọ̀fù ilẹ̀ Nàìjíríà, iṣẹ́ kádì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. R&A gbé ìwé òfin àpapọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín lè ṣí i. Ẹ kà á. Bí ẹ bá wá dé pápá kan, kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀pá, ẹ béèrè ìwé òfin abẹ́lé ibẹ̀, ẹ kà á tán, ibi tí kò bá yé yín, ẹ bi akọ̀wé ẹgbẹ́.